Àga Mẹfibóṣẹ́tì

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń rí arákùnrin télọ̀ kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ó ń fi ọ̀pá méjì rìn, tí kì í wọ inú ilé ìjọsìn. Ìta lẹ́bàá fèrèsé ni ó máa ń jókòó sí, lórí àpótí tí ó gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Ìhín náà tó mi, Bàbá.” Mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé àtẹ̀gùn márùn-ún ni a mọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí a tún ilé náà ṣe, kí àgbàrá òjò má baà wọlé, àti pé èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Mẹfibóṣẹ́tì inú Bíbélì, ọmọ Jónátánì, ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba, kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn ikú Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì dé, tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá lọ, tí ó sì já a sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi rọ. Ilé onílé ní Lódébárì ni ó ti dàgbà. Nígbà tí Dáfídì, ọ̀rẹ́ Jónátánì tí ó ti wá di ọba, ránṣẹ́ pè é, ó dojúbolẹ̀, ó sì pe ara rẹ̀ ní òkú ajá. Dáfídì kò bá a jiyàn, kò sì wàásù fún un pé ó níye lórí. Ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó ní kí Síbà, ìránṣẹ́ ilé Sọ́ọ̀lù, tòun ti ọmọ rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ 20, máa ro ó, ó sì fún un ní àyè nídìí tábìlì ọba bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba. Gbólóhùn tí ó parí orí náà (2 Sámúẹ́lì 9) sọ pé ó yarọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó ní kí ó kọ́kọ́ gba ìwòsàn kí ó tó jẹun.

Àwa a máa sọ fún ènìyàn pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀, a ó sì tún fi í sí àga ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tí ó lóyún nílé bàbá rẹ̀, obìnrin tí ọkọ lé jáde, ẹni tí ó ní kòkòrò éèdì lára, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú rí tí ara rẹ̀ sì ti yá: gbogbo wọn ni wọ́n mọ ibi tí a fi wọ́n sí, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní ìbáwí ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ọmọbìnrin kan tí àga ẹ̀yìn mú ronú pìwà dà. Àwọn tí ó lé lọ pátápátá, tàwọn tọmọ inú wọn, ni mo rí. (Ẹni tí ó fún un lóyún sì lè wà láàrin ẹgbẹ́ akọrin, kí ó máa gbé ohùn.)

Ní Ìlọrin wa níhìn-ín, bí ọdún Iléyá bá dé, àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí kì í béèrè ìjọ tí a ń lọ kí wọ́n tó gbé ẹran wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọn kì í sì fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin inú Léfítíkù 19: olóko kò gbọdọ̀ kórè dé igun oko rẹ̀, kí tálákà àti àlejò lè wá fọwọ́ ara wọn ká tiwọn, láìdúró kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ wọn.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ìjọ àti èmi ti fẹnu kò pé nígbà ìdúpẹ́ ìkórè ọdún yìí, a kò ní fi iye owó pe ẹnikẹ́ni síwájú, a kò sì ní fi àga kankan pa mọ́ fún ọlọ́lá. Àga ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìyà ti parí láti ọ̀sẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Sátidé, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, bíríkìlà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà. Mo ti bẹ arákùnrin wa télọ̀ pé kí ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ dán an wò kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ, ó sì ti gbà. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì nílé, kí ó jọ̀wọ́ mú un dání.