Ẹ Wá Ẹni Tí Yóò Ṣí Ìwé Gbèsè Rẹ̀ Hàn Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tajà n'Iléṣà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù,

Ẹ kú ọjà o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ìsọ̀ mi ní Ẹrẹ́jà, ó ní òun fẹ́ kí n máa ṣe mẹ́ńtọ̀ òun, ìyẹn ẹni tí yóò máa tọ́ òun sọ́nà nídìí òwò. Mo ní kí ló ń tà. Ó ní bàtà. Mo ní mélòó ló tà lóṣù tó lọ, èló ló rà á, èló ló wà níta. Ó wolẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n kúkú yá òun lówó díẹ̀. Mi ò bínú sí i. Tèmi burú ju tiẹ̀ lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ẹ mọ̀ pé Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn baba wa. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn kiri ìlú onílùú. Bí ọjọ́ owó bá pé, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dédé di Òṣómàáló. Ẹ̀gbọ́n ẹni tàbí ọ̀rẹ́ bàbá ẹni lèèyàn ń bá lọ. Ọmọ á ru aṣọ tẹ̀lé ọ̀gá láti abúlé dé abúlé, á máa wo bó ṣe ń kí èèyàn, á máa wo ẹni tó kọ̀ láti tà fún. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí aṣọ òyìnbó sún mọ́ wa, òwò náà gbilẹ̀ sí i.

Ọdún 5 ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Ọjọ́ tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, mo rò pé ó parí nìyẹn. Bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, màá yà gba ọ̀nà mìíràn. Kò tó oṣù 8, ìyá ìyàwó kan wá kó àńkárá aṣọ ẹbí èèyàn 60, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Ó san ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n ṣègbéyàwó, ìyàwó lóyún, ó bímọ, owó mi ò pé. Ojú owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó nawọ́ sábẹ́ káńtà, ó fa ìwé kan yọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìwé gbèsè ni. Gbogbo ọdún tí mo fi gbálẹ̀ ìsọ̀ yẹn, mi ò rí i rí. Ó ń fìka tẹ orúkọ tó ti fi bírò pupa fàlà sí: "Èyí kú. Èyí sá lọ. Èyí, àna mi ni, mi ò lè béèrè." Ó wá bi mí pé, "Ta ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wọ aṣọ ẹbí?" Mo ní ìyá ìyàwó ni. Ó ní, "Owó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Kí lo wá kó 60 fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí?" Ó ní kí n máa já 20 sílẹ̀, bó bá kówó 20 wá, kó gba 20 mìíràn. Bí mo ṣe ń tà á títí dòní nìyẹn.

Ìwé yẹn ni kí ẹ máa wá kiri. Ẹni tó ń fi mọ́tò hàn yín lórí fóònù, tó ní kí ẹ sanwó kóun tó kọ́ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ibi tó ti pàdánù hàn yín. Ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe ọtí ni mò ń sọ. Ẹ mú ìwé ọjà yín dání àti ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ débẹ̀ kí ọjà tó kún. Bó bá gbà yín nímọ̀ràn, ẹ padà wá sọ ibi tó já sí, àgàgà bó bá fọ́.

Àgbà náà ń ṣì í o. Ọ̀gá mi ló ní kò sẹ́ni tó máa ra aṣọ tí kò fọwọ́ kàn. Ọmọ mi obìnrin ń ta léèsì lórí WhatsApp fáwọn ará Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn, èmi ni mò ń bá a dì í. Kò tíì fún mi ní fúrídọ́ọ̀mù.

Ìwọ oníbàtà, bó o bá ń ka èyí, aago 7 àárọ̀ ni mo máa ń ṣí ìsọ̀. Mú ìwé rẹ dání. Tèmi wà lábẹ́ káńtà.

Èmi ni,
Bàbá Aláṣọ, Ẹrẹ́jà, Iléṣà