Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tí mo tì mọ́lé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà bí mo ṣe máa ń kí yín ní ìdí ògiri tí ẹ bá ń mọ ni mo fi kí yín.

Nígbà ọyẹ́, mo mú ọmọ yín lọ sí Kùtọ̀nú. A kúrò ní Kétu kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Ìpóbẹ́, Ìsàkétẹ́, Àjàṣẹ́. Òtútù ń mú gbogbo èrò ọkọ̀, òun ń làágùn bí ẹni ru sìmẹ́ńtì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan. Mo wò ó, mo gbójú kúrò. Ọwọ́ yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Èékánná pàápàá kò yàtọ̀.

Ẹ rántí pé Faransé mi kò kọjá ìkíni, nọ́ọ̀sì ará Àjàṣẹ́ kan ló ń túmọ̀. Dókítà béèrè iye tó ń mu lóòjọ́, ó béèrè ìgbà tó mu kẹ́yìn. Ló bá kọjú sí mi: ṣé ẹnìkan wà nínú ẹbí yín tó dá ọtí dúró lójijì rí, tí gìrì wá gbé e?

Mo ní rárá.

Ọmọ yín wò mí. Kò sọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ń mu sódábì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu sè, láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún púpọ̀, ọtí náà a máa tẹ ọpọlọ rẹ̀ lórí ba, ọpọlọ á sì máa fi gbogbo agbára tì í padà. Ẹ wá yọ ọtí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọpọlọ ò mọ̀, ó ṣì ń tì. Kí wákàtí mẹ́wàá tó pé, ara lè ti máa gbọ̀n. Láàárín ọjọ́ méjì, gìrì lè dé. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí kò sí, ara wọn á gbóná, àyà wọn á máa sáré, ó sì lè pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá irú wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Wọ́n á fún wọn ní diazepam, oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gún wọn ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí wọn lára. Ó ní kì í ṣe wárápá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ iye owó gaàrí.

Èmi sì jókòó, mo ń ka ọjọ́ lórí ìka.

Ní 2009, Bàbá Àgbà ní kí a tì yín mọ́ yàrá tó kọjú sí kànga, ọjọ́ méje, omi àti ẹ̀kọ nìkan. Wòlíì ní ẹ̀mí ọtí á sá. Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní èmi lẹ máa ń gbọ́ tèmi. Àbí ẹ máa ń gbọ́? Ọjọ́ kìíní, ẹ gbọ̀n. Ọjọ́ kejì, gìrì. Wọ́n rí ìfófòó lẹ́nu yín, gbogbo wọn fò sẹ́yìn, wọ́n ní wárápá ni, ayé ló sọ ọ́ lù yín. Mo tún ti ilẹ̀kùn pa.

Ọjọ́ kẹta lẹ pè mí. Ẹ ní ìjàlọ ti bo ògiri, wọ́n ti gun yín dé orúnkún. "Àbẹ̀kẹ́, mú ọwọ̀ wá, bá mi gbá wọn." Mo ní kò sí ìjàlọ kankan níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀tàn ni, kí n ṣí i kí ẹ sá lọ mutí. Ẹ bẹ̀ mí títí ohùn yín fi há. Ọwọ̀ náà wà lẹ́sẹ̀ mi, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ̀ tuntun, okùn pupa ni wọ́n fi dì í, lọ́jà ọjọ́ yẹn ni mo rà á. Mo mọ̀ pé kò lè wò yín sàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí lóru, n kì í rántí gìrì, n kì í rántí bí wọ́n ṣe gbé yín jáde lóròwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin. Okùn pupa yẹn ni. Ṣebí kí n kàn wọlé kí n gbá ògiri ni, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi sọ́rùn láti Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, dé ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó, kí n lè rí orí igi yẹn ju àwọn ọmọ olówó lọ.

Ẹ̀yin náà ò sì ràn wá lọ́wọ́. Okùn ìdíwọ̀n kì í dúró lọ́wọ́ yín láàárọ̀ àfi tí ẹ bá mu ife kan, ẹ ní òtútù ni. Ẹ ta páànù tí a rà fún yàrá Màmá, ẹ ní olè. Ta ni kó mọ̀ nígbà náà?

Wọ́n dá ọmọ yín dúró ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ó gbọ̀n, ó sùn, ó jẹun. Wọ́n fún un ní disulfiram, pé bó bá ti ń lò ó tó sì fẹnu kan ọtí, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa bì, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Agbára rẹ̀ lè wà lára títí dé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó gbé e mì. Dókítà kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé a kì í fi í sínú oúnjẹ ẹni tí kò mọ̀, ó léwu. Ta ló sọ fún un pé mo lè ṣe é?

Àgbá Màmá ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mò ń fi í sè sódábì báyìí. Òun ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi, òun náà ló san owó ilé ìwòsàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ yín da oògùn náà sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ ń tà lẹ ní kí n má mu." Mo pariwo lé e lórí. Ó ní, "Ṣé ẹ máa tún tì mí mọ́lé ni?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó dúró sí ìdí kànga.

Mo ti lọ ẹyọ kan lóròwúrọ̀ yìí. Ó wà nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mò ń kọ yìí, ó funfun bí ẹfun. Ẹ̀kọ wà lórí iná. Mo gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lálẹ́ àná, bóyá aṣọ tèmi ló sì ń rùn.

Ó ti jí. Ó ń pè mí. Ẹ dúró, kí n lọ dá a lóhùn ná.

Àbẹ̀kẹ́ yín