Lẹ́tà sí bàbá mi àgbà tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Èkó níbí. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kó rọra kà á, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ó ti di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń fín ọnà sára fàdákà. Ẹ rò pé wúrà yíyọ́ àti ẹ̀wọ̀n jíjó pọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí oníbàárà kan fi gbé òrùka ìgbéyàwó wá pé kí n bá òun fín orúkọ ìyàwó òun sí i. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fín nǹkan. Orúkọ náà ní Ọ, ó ní Ṣ. Nígbà tí wọ́n dá a padà, kò sí àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kò ní in. Ó dùn mí wọra. Bí èèyàn bá máa fi orúkọ sọ́wọ́ títí ọjọ́ alẹ́, ó yẹ kí orúkọ ọ̀hún pé.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí fífi ọwọ́ fín nǹkan. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ: irin líle kan tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, tí wọ́n ki ìdí rẹ̀ bọ igi roboto tó jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́. Graver ni wọ́n ń pè é. Pípọ́n rẹ̀ nìkan gbà mí ní oṣù mẹ́ta. Ojú rẹ̀ máa ń dagun ní díígírì 45. Abẹ́ rẹ̀ a tún ní igun kékeré, bíi 15, èyí tí kì í jẹ́ kó rì wọnú fàdákà. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mú, màá fi ẹnu rẹ̀ kan èékánná àtàǹpàkò mi. Bó bá gbá a mú, ó ti mú nìyẹn. Bó bá yọ̀, mo padà sídìí òkúta.

Bàbà pẹlẹbẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà gbọọrọ ni lójoojúmọ́. Ìlà tó bá tẹ̀ ló fẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀. Irin á ṣàdédé yọ̀, á fa àpá gígùn kọjá lórí gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti àárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìka òsì mi ló wọ̀. Ọ̀gá mi wo ẹ̀jẹ̀, kò bínú. Ó kàn ní, "Kí ló dé tó o ń yí ọwọ́? Iṣẹ́ ni kó o máa yí."

Bàbá, mo dákẹ́. Ẹ̀yin ni mo rí: igbá lórí itan yín, ọ̀bẹ dúró sójú kan, ọwọ́ òsì yín ń yí igbá díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ ní kí n jókòó wò ó, tí mo sá lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Báyìí, mo ní tìmùtìmù awọ tí mo ki yanrìn sí (Ọ̀yọ́ yín náà ni awọ rẹ̀ ti wá). Orí rẹ̀ ni mo ń gbé iṣẹ́ lé. Ọwọ́ òsì ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún ń ti irin. Bí mo bá dà irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìlà á fẹ̀, ojú ibi tó gé á sì máa kọ mọ̀nà. Ti àmì abẹ́ lẹ́tà ni mo fẹ́ràn jù: màá fi ẹnu irin gún ojú kan, màá yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ọ dé, Ṣ dé. Àmì ohùn ní tirẹ̀, ìlà kúkúrú kan ni, kó jinlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó tín-ínrín lópin.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Àwọn oníbàárà ti ń béèrè ọnà Yorùbá sára ẹ̀gbà ọwọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi hàn mí lórí fóònù kò jọ tiyín. Aláńgbá yín tó ká ìrù, ẹyẹ tó kọjú sẹ́yìn, àti ìlà tó ń gba ara wọn kọjá bí ẹní híhun ni mo fẹ́. Lẹ́yìn Iléyá ni mò ń bọ̀, pẹ̀lú bàbà pẹlẹbẹ mẹ́wàá àti irin méjì. Mo mọ̀ pé ojú yín kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ wò. Ẹ ṣáà bá mi máa yí igbá.

Igbá ọlọ́mọrí tó wà lókè àjà, èyí tí ẹ fín fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á kí n tó dé.

Èmi ọmọ yín, l'Ékòó.