Ẹ̀sùn lórí gílóòbù LED àti wáyà iná iwájú tí ẹ tà fún ọkọ̀ àtijọ́ mi

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gílóòbù LED H4 méjì (H4 ni orúkọ irú gílóòbù iná iwájú kan) àti ìdì wáyà tó ní rẹ́lè, ìyẹn súwíìtì kékeré tó ń jẹ́ kí iná ti orí bátìrì lọ tààrà sí gílóòbù, ni mo rà lọ́wọ́ yín fún Volkswagen Beetle mi tí wọ́n ṣe ní 1969. Ẹ kọ ọ́ sára páálí pé ọjà náà bá gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ oníná róbótó mu, àti pé awakọ̀ tó bá lò ó yóò máa ríran jìnnà lóru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gba owó mi padà. Èyí tó tún ṣe pàtàkì sí mi ju owó lọ ni pé kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára páálí, nítorí ọjà yìí lè ṣekú pa ènìyàn.

Bí mo bá tan iná náà, iwájú bọ́ńpà máa ń mọ́ kedere. Ẹni tó bá wò ó nínú ọgbà ilé yóò ní iṣẹ́ ti parí. Títì lóru ni àṣírí ti ń tú. Ìmọ́lẹ̀ náà kò rìn jìnnà rárá, àpọ̀jù rẹ̀ nítòsí sì ń mú kí ọmọlójú sún kì, débi pé ohun tó wà lókèèrè kò hàn sí mi mọ́. Ibi tí mo ti máa ń tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì tẹ́lẹ̀ ti di òkùnkùn biribiri. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé mi ń tan iná wọn, wọ́n ń pa á, wọ́n rò pé fúúlù, iná tó ń rìn jìnnà, ni mo tàn, bẹ́ẹ̀ dímù, iná tó rẹlẹ̀, ni mo wà. Ojú wọn ni iná mi ń fọ́. Ẹni tí iná fọ́ lójú lórí títì tóóró lè ya wọ inú ọkọ̀ mi, ó sì lè ya wọ igbó.

Mo gbé ọkọ̀ náà síwájú ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo wò ó pẹ̀lú halogen, gílóòbù olókùn iná, tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì tún wò ó pẹ̀lú LED yín. Nígbà tí halogen wà ní dímù, ìlà kan hàn lára ògiri: ìsàlẹ̀ ìlà mọ́, òkè rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìlà náà tẹ́jú ní ìhà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bọ̀, ó wá gòkè díẹ̀ ní ìhà etí títì, kí awakọ̀ lè rí àmì ojú ọ̀nà àti ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tó kan LED yín, kò sí ìlà kankan. Ìmọ́lẹ̀ kàn fọ́n ká bí omi tó dà sílẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Mo ti ya àwòrán méjèèjì, wọ́n wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Okùn iná méjì ló wà nínú gílóòbù H4: ti fúúlù jẹ́ wáàtì 60, ti dímù jẹ́ 55. Ife irin kékeré kan wà lábẹ́ okùn dímù, òun ló ń dí ìmọ́lẹ̀ kí ó má baà kan ìdajì ìsàlẹ̀ àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ife yẹn, pẹ̀lú ibi tí okùn náà wà gẹ́lẹ́, ló ń bí ìlà tí mo rí lára ògiri. Àwọn tó ṣe àwo àti gíláàsì iná náà ti ka ibi okùn yẹn mọ́ ìṣirò wọn, débi pé bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá yẹ̀ ní mìlímítà péré, ìmọ́lẹ̀ ti ṣìnà nìyẹn. LED yín ní pátákó tó nípọn láàárín, ègé iná rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò sí èyí tó wà níbi tí okùn yẹ kí ó wà. Ẹ̀yin tó ń ta iná ọkọ̀ mọ èyí ṣáájú mi.

Òṣìṣẹ́ yín tó dá mi lóhùn kò fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó ní kí n tẹ iná náà wálẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí kò fi ní fọ́ ojú ẹnikẹ́ni mọ́, iwájú bọ́ńpà nìkan ni màá máa rí. Ó tún ní lumen rẹ̀ pọ̀ ju ti halogen lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Halogen H4 kì í mú ju bí lumen 1000 wá ní dímù, àti bí 1650 ní fúúlù. Ṣùgbọ́n lumen ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára gílóòbù ṣe pọ̀ tó, kò sọ ibi tó balẹ̀ sí. Ibi tó balẹ̀ sí sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo béèrè àmì E, èyí tó máa ń wà nínú róbótó pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i (E1 ni ti Jámánì, E2 ni ti Faransé), kò dá mi lóhùn. Kò sí àmì náà lára gílóòbù, kò sì sí lára páálí.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra LED. Dáínámò ni ọkọ̀ mi ń lò, kò lè pèsè ju nǹkan bí ampere 30 lọ, bí ẹ́ńjìnnì bá sì rọra ń sáré ní ìdúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan kan wá. Iná tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀ wù mí dáadáa. Odidi iná LED oníǹṣì 7, tí wọ́n ṣe àwo àti gíláàsì rẹ̀ fún LED láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ní àmì ìfọwọ́sí, a máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí ẹ tà fún mi kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wáyà náà ló dùn mí jù, nítorí rẹ́lè ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ nílò ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, iná tó ń lọ sí gílóòbù a máa gba inú súwíìtì àti wáyà tó ti gbó kọjá, fóltì a sì máa dín kù lójú ọ̀nà. Bí fóltì tó dé ọ̀dọ̀ halogen bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dín ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Rẹ́lè tó dára pẹ̀lú wáyà tó nípọn ń dá ìyẹn padà láìfọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ kọ ọ́ pé ìdì wáyà yín gba gílóòbù 60/55, nítorí náà mo dá halogen padà mo sì lò ó pẹ̀lú wáyà yín. Àkọ́kọ́ ni pé wáyà náà kúrú. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Beetle wà, ẹ sì ṣe wáyà yín fún ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ wà níwájú. Ríwáyà tó bá mi ṣiṣẹ́ so wáyà tó nípọn ju tiyín lọ mọ́ ọn kí ó lè gùn dé ibẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: fóltì 13.5 ní orí bátìrì, 13.3 níbi tó ti wọ inú rẹ́lè yín, 12.1 ní sókẹ́ẹ̀tì tí gílóòbù wọ̀. Inú wáyà tiyín gan-an ni ìyókù ṣòfò sí. Nígbà tí fúúlù méjèèjì wà ní títàn, tí wọ́n ń fa bí ampere 10, sókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Kò sí fíúsì kankan lórí wáyà tó ti orí bátìrì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí gbólóhùn yìí. Bí ara wáyà bẹ́ẹ̀ bá bó, tó kan irin ọkọ̀, kò sí ohun tó máa dá a dúró kí ó tó gbiná. Ríwáyà náà ló fi fíúsì sí i kí a tó dán an wò.

Fáànù ẹ̀yìn LED náà kò sì jẹ́ kí rọ́bà tó ń dí ẹ̀yìn iná wọlé. Inú mọ́gáàdì ni iná Beetle wà, táyà a sì máa ta omi sí i.

Ẹ wo gbólóhùn "gbogbo ọkọ̀ àtijọ́" náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ Beetle tí wọ́n ṣe kí 1967 tó dé, fóltì 6 ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe títí di bí àárín àwọn ọdún 1960, ẹsẹ̀ rere bátìrì (+) ni wọ́n so mọ́ ara irin ọkọ̀, dípò ẹsẹ̀ òdì (-). Ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ yóò ra ohun tí kò ní tàn, tàbí tí yóò bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí. Ẹ dá owó gílóòbù àti ti wáyà padà fún mi, kí ẹ̀yin náà san owó ìfiránṣẹ́ padà. Ẹ dá títa gílóòbù náà fún lílò lójú títì dúró, ẹ sì kọ irú ọkọ̀, fóltì àti ibi bátìrì tí wáyà náà bá mu sára páálí. Ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti ra wáyà náà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n fi fíúsì sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí ṣáájú owó tèmi pàápàá.

Mo ti kó ọjà náà padà sínú páálí rẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14. Bí n kò bá rí i gbà, màá gbé ẹ̀sùn yìí àti àwòrán ògiri méjèèjì lọ síwájú àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín