Kí òṣìṣẹ́ tó dìbò lórí owó oṣù rẹ̀, kó kọ́kọ́ rí ti ọ̀gá

Sí Olóòtú,

Nígbàkígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan bá ń lọ sílẹ̀, tí aráyé sì gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ibẹ̀ gba owó ńlá, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń kún ojú ìwé ìròyìn. Àwọn kan á ní ojúkòkòrò ni. Àwọn mìíràn á ní òṣìṣẹ́ kàn ń ṣe ìlara ni, pé owó náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè tó wà nílẹ̀, pé bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà, kò lè gbé ilé iṣẹ́ náà dìde. Òótọ́ ni pé kò lè gbé e dìde. Ṣùgbọ́n iye owó náà nìkan kọ́ ló ń dun òṣìṣẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni ibi tí wọ́n fi owó náà pamọ́ sí, àti ọjọ́ tí wọ́n tó jẹ́ kó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo American Airlines ní ọdún 2003. Ilé iṣẹ́ náà pe ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù, àti ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá gbà kí òun dín nǹkan bí 1.62 bílíọ̀nù dọ́là kù lọ́dọọdún nínú owó tí òun ń ná lórí wọn, òun á gba ilé ẹjọ́ lọ kéde pé òun ti wọ gbèsè. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹrin, wọ́n gbà pẹ̀lú ìrora. Ìwé ìṣirò ọdọọdún tí òfin ní kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìjọba, tó sì yẹ kó ti jáde ṣáájú, kò jáde títí di ọjọ́ 15 oṣù náà, nígbà tí ìbò ń parí lọ. Inú ìwé yẹn ni òṣìṣẹ́ ti kà á pé nǹkan bí 41 mílíọ̀nù dọ́là ti wọ àpò ìfẹ̀yìntì àwọn ọ̀gá 45, pé àwọn díẹ̀ tó wà lókè pátápátá yóò sì gba ìlọ́po méjì owó iṣẹ́ ọdún kan bí wọ́n bá dúró di oṣù kìíní 2005. Ariwo ta. Wọ́n fagi lé owó tí wọ́n fẹ́ fi mú ọ̀gá dúró yìí, ìyẹn owó ìdúró, wọn kò fọwọ́ kan àpò ìfẹ̀yìntì. Donald Carty tó jẹ́ ọ̀gá àgbà tọrọ àforíjì, ó sì fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Wọ́n ní láti dín àdéhùn ọdún mẹ́fà kù sí márùn-ún kí nǹkan tó rọlẹ̀.

Kí ni irú àpò bẹ́ẹ̀ wà fún? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn máa ń fò kọjá. Ní Amẹ́ríkà, òfin owó orí fi òté lé iye owó iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì nínú ètò tó wà fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ní 2003, 200,000 dọ́là ni òté náà. Ọ̀gá tó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ní ètò kejì, tó jẹ́ ìlérí lásán láti ẹnu ilé iṣẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá wọ gbèsè, ẹni tó di irú ìlérí yẹn mú yóò tò sẹ́yìn báǹkì àti àwọn tó yá ilé iṣẹ́ ní bàálù, á máa retí ìyókù bíi gbogbo ẹni tó yá ilé iṣẹ́ lówó láìgba ohun ìdúró. Àwọn ọ̀gá mọ èyí dáadáa. Nítorí náà, wọ́n á ní kí ilé iṣẹ́ kó owó gidi jáde, kó fi sọ́wọ́ alágbàtọ́ tó wà lẹ́yìn òde, níbi tí ọwọ́ àwọn tí ilé iṣẹ́ jẹ ní gbèsè kò ti lè tó o. Ìlérí ti di owó nìyẹn. Bí ìgbìmọ̀ olùdarí bá buwọ́ lù irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sọ fún ara wọn pé ilé iṣẹ́ yìí lè wó. Ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú ni kí òṣìṣẹ́ máa wá, kó wá fi í wé ọjọ́ tí wọ́n ní kó fara da ìyà.

Ti United, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà mìíràn, ló burú jù lójú mi. Ó wọ ilé ẹjọ́ lórí gbèsè ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 2002. Ní oṣù karùn-ún 2005, adájọ́ gbà pé kó pa ètò ìfẹ̀yìntì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní rẹ́. Owó tó yẹ kó wà nínú wọn fi nǹkan bí 9.8 bílíọ̀nù dọ́là dín. Àjọ PBGC, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti dúró fún owó ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ tó bá dojú dé, gba nǹkan bí 6.6 bílíọ̀nù rù, ìyókù wọmi. Ó lé ní 120,000 ènìyàn tó kàn. Ẹ wo ọ̀ràn àwọn awakọ̀ nínú wọn. Iye tó pọ̀ jù tí PBGC lè san lọ́dún fún ẹni tí ètò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kú ní 2005 jẹ́ nǹkan bí 45,600 dọ́là, bí ẹni náà bá tó ẹni ọdún 65 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 60, nǹkan bí 29,600 ni. Bẹ́ẹ̀, òfin ìgbà náà kò gbà kí awakọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ ńlá ju ẹni 60 ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ní kó bọ́ sílẹ̀ ní 60, àjọ ìjọba sì gé owó rẹ̀ nítorí pé ó bọ́ sílẹ̀ ní 60. Ní gbogbo àkókò yìí, 4.5 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ṣètò sọ́wọ́ alágbàtọ́ fún Glenn Tilton, ọ̀gá àgbà, nígbà tó gbaṣẹ́ ní 2002, kò dín kọ́bọ̀. Àlàyé wọn ni pé wọ́n fi dí ohun tó pàdánù níbi iṣẹ́ tó ti kúrò ni. Nígbà tí United jáde ní ilé ẹjọ́ ní oṣù kejì 2006, wọ́n ya nǹkan bí 8 nínú 100 ìpín ìdókòwò tuntun sọ́tọ̀ fún nǹkan bí 400 ọ̀gá.

Àwíjàre tí ìgbìmọ̀ olùdarí máa ń wí kò yí padà: bí a kò bá fún wọn lówó ìdúró, wọ́n á fi wá sílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ bàálù ṣe rí mọ̀ pé òdìkejì ni ọ̀rọ̀ yìí. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan lórí ìwé ipò àgbà, tí wọ́n fi ọjọ́ tó gbaṣẹ́ kà. Nọ́ńbà yẹn ló ń pinnu irú bàálù tó máa wà, bóyá ọ̀gákọ̀ ni tàbí igbákejì, ìlú tí yóò ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ tí yóò sinmi lọ́sẹ̀, oṣù tí yóò gba ìsinmi ọdún, àti bóyá òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró bí iṣẹ́ bá dín kù. Àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù náà ní irú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí kò ṣeé gbé dání lọ síbòmíràn. Ọ̀gákọ̀ tó ti lo ogún ọdún, bó bá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn lónìí, ìsàlẹ̀ ìwé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: igbákejì awakọ̀, owó ọdún kìíní, iṣẹ́ ọjọ́ ọdún nígbà tí ará ilé rẹ̀ ń jẹun. Ọ̀gá tó ń ṣètò owó lè gba ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lọ lọ́la kí owó rẹ̀ sì tún lé sí i. Ẹni tí kò ríbi lọ ni wọ́n ń gé lówó, láti fi bẹ ẹni tí ọ̀nà là fún.

Òfin ti gbìyànjú láti dí ihò yìí. Ní 2005, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi ẹsẹ̀ 503(c) sínú òfin ìwọgbèsè. Ó ní ilé iṣẹ́ tó wà nílé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ san owó ìdúró fún ọ̀gá àfi bí ọ̀gá náà bá ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ níbòmíràn tí owó rẹ̀ tó tibí tàbí tó jù ú lọ, tí ilé iṣẹ́ kò sì lè ṣe láìsí i. Ó tún fi òté lé iye náà: kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí òṣìṣẹ́ lásán gbà ní ìpíndọ́gba lọ́dún náà. Owó ìdágbére náà ní òté tó jọ ọ́. Òfin yìí ní eyín: ní 2013, nígbà tí American wà nílé ẹjọ́, adájọ́ kọ̀ láti buwọ́ lu nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là owó ìdágbére fún Tom Horton, ọ̀gá àgbà ibẹ̀.

Ihò méjì ló ṣì ṣí sílẹ̀. Èkíní, wọ́n á yí orúkọ owó ìdúró padà sí owó ìwúrí, wọ́n á so ó mọ́ àfojúsùn kan. Ẹ ka àfojúsùn náà dáadáa. Bó bá jẹ́ “kí ìwé ètò àtúntò ilé iṣẹ́ dé ilé ẹjọ́ ní oṣù kẹsàn-án,” iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí tẹ́lẹ̀ ni. Ìkejì, wọ́n á san owó náà kí wọ́n tó wọ ilé ẹjọ́, nítorí òfin náà kò mú ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. GAO, ilé iṣẹ́ tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìwé wò, sọ ní 2021 pé ilé iṣẹ́ onírúurú 42 san nǹkan bí 165 mílíọ̀nù dọ́là báyìí lọ́dún kan, àwọn kan ní oṣù márùn-ún, àwọn kan ní ọjọ́ méjì péré ṣáájú.

Amẹ́ríkà nìkan kọ́. Air Berlin ti Jámánì wọ gbèsè ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2017, bàálù rẹ̀ ìkẹyìn sì balẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá. Nǹkan bí 8,000 òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Thomas Winkelmann, ọ̀gá àgbà tí kò tíì lo ọdún kan níbẹ̀, ní owó iṣẹ́ tó lè tó 4.5 mílíọ̀nù yúrò tí báǹkì ti dúró fún títí di 2021. Kò sẹ́ni tó ní báǹkì kan dúró fún owó oṣù ẹni tó ń gbé ẹrù sínú bàálù.

Ìbínú tó ń tẹ̀lé irú ìròyìn yìí máa ń ná ilé iṣẹ́ lówó ju owó ọ̀gá lọ. Kò dìgbà tí òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Bàálù kò lè lọ déédéé bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe kìkì ohun tí ìwé àdéhùn wí. Àwọn awakọ̀ á dẹ́kun gbígba iṣẹ́ àfikún lọ́jọ́ ìsinmi; bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, kò ní sí arọ́pò. Mẹkáníìkì á kọ gbogbo àléébù tó bá rí sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Bàálù tó yẹ kó gbéra lágogo mẹ́fà òwúrọ̀ á gbéra ní mẹ́jọ, ìrìn kejì àti ìkẹta tí bàálù kan náà fẹ́ rìn lọ́jọ́ yẹn á pẹ́ tẹ̀lé e, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ á lo wákàtí tí òfin gbà tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníṣòwò tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù ni yóò kọ́kọ́ lọ bá ẹlòmíràn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá ṣe é dáadáa. Gerald Grinstein, ọ̀gá àgbà Delta, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan, kúrò níbẹ̀ ní 2007 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà jáde ní ilé ẹjọ́, ó sì kọ àjẹmọ́nú tí wọ́n fẹ́ fún un. Kazuo Inamori tún Japan Airlines tò láti 2010 láìgba owó oṣù. Ṣùgbọ́n a kò lè máa gbára lé ìwà rere ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá pè wá síbi ìjíròrò gígé owó gbọ́dọ̀ béèrè, kí wọ́n tó ṣí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ rárá, fún gbogbo àdéhùn owó tí wọ́n bá ọ̀gá ṣe láàárín ọdún méjì sẹ́yìn: ìdúró, ìwúrí, ìdágbére, owó tí wọ́n máa gbà bí ẹlòmíràn bá ra ilé iṣẹ́ náà, àti ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́. Kí ọ̀gá tó ń darí ètò owó àti alága ìgbìmọ̀ olùdarí jùmọ̀ buwọ́ lù ú pé kò sí òmíràn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí òmíràn bá yọjú, owó òṣìṣẹ́ yóò padà sí iye àtijọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Bí owó ọ̀gá bá wà lọ́wọ́ alágbàtọ́, kí ìdá kan náà nínú gbèsè ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe fún òṣìṣẹ́, kí ti ọ̀gá padà sínú ilé iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ilé ẹjọ́, kí ẹgbẹ́ tètè béèrè fún àga nínú ìgbìmọ̀ àwọn tí ilé iṣẹ́ jẹ ní gbèsè, nítorí ìgbìmọ̀ yẹn lè gba agbẹjọ́rò tí ilé iṣẹ́ yóò sanwó rẹ̀, ó sì lè tako owó ọ̀gá níwájú adájọ́.

Ní ti ọjọ́ ìdìbò, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìbò òṣìṣẹ́ lórí gígé owó má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìjẹ́ pé ìwé owó àwọn ọ̀gá ti wà lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ 14, ó kéré tán.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín