Orin Betsy àti ohun tó gbé mì

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orin tí o ní àbúrò gbé wálé láti iléèwé, Sweet Betsy from Pike, orin ẹ̀rín láti Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, àmọ́ ìyà obìnrin ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wàá rí i bí o bá fara balẹ̀ tẹ̀ lé e láti ẹsẹ kan dé òmíràn.

John A. Stone ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní San Francisco lọ́dún 1858, nínú ìwé orin tó ń jẹ́ Put's Golden Songster. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n rí wúrà ní California, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Betsy àti Ike, ọkùnrin tó fẹ́ràn, gbéra ní Pike County ní Missouri pẹ̀lú àjàgà màlúù méjì, ajá ńlá kan, àkùkọ kan àti ẹlẹ́dẹ̀ kan.

Wo àjàgà méjì yẹn dáadáa. Màlúù mẹ́rin péré nìyẹn, wọ́n á sì fa kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù bíi kìló 1,000 lọ ní ọ̀nà tó tó kìlómítà 3,200. Mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹni tó mọ̀nà ń mú, kí ìyókù lè fà á bí ọ̀kan bá kú. Bó bá ti ń rẹ màlúù, ọmọ ènìyàn ló ń sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi rìn jù nínú oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà tí ìrìn náà ń gbà, pẹ̀lú aṣọ gígùn tó ń wọ́ nínú eruku.

Nígbà tí wọ́n bá tú màlúù sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ obìnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Igi ìdáná ṣọ̀wọ́n lẹ́bàá odò Platte. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ ni ìyá àti ọmọ ń ṣà sínú épírọ́ọ̀nù. Kíá ló ń jó tán, nítorí náà wọ́n ní láti ṣà á púpọ̀ fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí òjò bá sì rin ín, kò ní gbiná, oúnjẹ tútù ni wọn yóò jẹ. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tóóró kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé iná lọ, wọ́n á gbé ìkòkò lé e, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú èéfín. Ọjọ́ tí àwọn ọkùnrin bá ń sinmi, aṣọ ni obìnrin ń fọ̀, nínú omi oníyọ̀ tó ń bó ọwọ́. Orin náà kò fi ẹyọ ìlà kan sọ̀rọ̀ èyí.

Ẹsẹ tí mo fẹ́ kí o fetí sí ni ti ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ya lulẹ̀. Ẹrù dà sílẹ̀ káàkiri pápá, aṣọ ọmọ ìkókó kéékèèké tí ẹnìkan fara balẹ̀ dì sì wà láàárín rẹ̀. Akọrin ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: wọn ò tíì gbéyàwó! Èmi rí obìnrin tó ti di ẹrù ìbímọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ló lóyún rìn lójú ọ̀nà yẹn, tí wọ́n bímọ sínú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì tún gbéra lọ́jọ́ kejì. Kọ́lẹ́rà tún ń pa wọ́n lẹ́bàá Platte láti 1849, torí omi tí ìgbẹ́ àwọn tó ṣáájú ti bàjẹ́. Ẹ̀dà orin náà kan mẹ́nu kan ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Betsy ti yìnbọn, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ àrùn, bẹ́ẹ̀ àrùn ló pa ènìyàn jù.

Lẹ́yìn èyí ni aṣálẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà lọ sí Hangtown, ìlú àwọn awawúrà ní California, tí í ṣe Placerville lónìí, ń la Forty Mile Desert kọjá: nǹkan bíi kìlómítà 64 láìsí omi mímu. Òru ni wọ́n ń rìn ín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti gé koríko, á sì ti pọn omi sínú àgbá kó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń kánjú kì í ṣe é, màlúù rẹ̀ á sì wó lulẹ̀ nínú yanrìn rírọ̀ tó wà lápá ìparí. Inú aṣálẹ̀ ni Betsy ti ṣubú, tó ń yí gbiri. Ike ní kó dìde kí yanrìn má bàa kó sí i lójú! Ó dìde nínú ìrora, ó ní òun ń padà sí Pike County. Ohùn obìnrin fúnra rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń dùn mí pé Ike kàn dì mọ́ ọn, ìdìmọ́ra yẹn ni orin sì fi pa á lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ ní ìparí, wọ́n ṣègbéyàwó, Ike jowú, wọ́n kọ ara wọn, inú Betsy sì dùn sí i. Èyí bá ayé ibẹ̀ mu. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n kà ní California lọ́dún 1850, obìnrin kò pé ẹyọ kan, nítorí náà ẹni tó bá lè dáná tàbí fọṣọ ń rówó gidi. Òfin ìpìlẹ̀ 1849 wọn sì gbà kí obìnrin tó wà nílé ọkọ ní ohun ìní tirẹ̀.

Iléèwé sábà máa ń fo ẹsẹ aṣọ ọmọ yẹn. Bá mi kọ́ àbúrò, ó wà nínú ìwé 1858 náà. Kí bàbá àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyábọ̀