Rẹ̀mí, ọ̀nì kan ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa

Rẹ̀mí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Maseru, olú ìlú Lesotho yẹn, ti ń dínkù, àbí aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn náà lo ṣì ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù báyìí ni mo máa rí òjìji Màámi lẹ́yìn fèrèsé, mo máa tún pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Jókòó kó o tó kà á o, kì í ṣe ohun tó o máa kà nínú mọ́tò.

Kí n yára sọ èyí tó kù ná: Ìyá Kúdí ti bí ìbejì, ọkùnrin kan obìnrin kan, bàbá àwọn ọmọ mi ti ríṣẹ́ sọ́nà Lẹ́kkì, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá sí Ẹ̀pẹ́ báyìí, wọ́n sì ti gé igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ilé yín. Mi ò fẹ́ sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn fún ẹ ṣùgbọ́n o máa gbọ́ náà ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀nì.

O rántí káàdì tó o fi rán Bọ́dà Jídé lọ́dún tó kọjá, èyí tí àmì ìjọba Lesotho wà lára ẹ̀? Ọ̀nì lórí asà, ẹṣin méjì lọ́tùn-ún lósì, òkè Thaba Bosiu nísàlẹ̀, wọ́n wá kọ Khotso, Pula, Nala síbẹ̀: àlàáfíà, òjò, ọ̀pọ̀. Ìwọ lo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì fún Ràmọ́tà ọmọ mi pé ọ̀nì yẹn ni tàwọn Bakoena, àwọn ìdílé Moshoeshoe, ọba tó kó àwọn Basotho jọ sórí òkè yẹn ní 1824, pé orúkọ ọ̀nì gan-an ni wọ́n ń jẹ́, bí àwa náà ṣe ní orílẹ̀ tiwa. O tún ní látìgbà tó o ti débẹ̀ o ò tíì fojú kan ọ̀nì kankan, òkè àti òtútù lásán ni, síbẹ̀ wọn ò gbàgbé ẹ̀. Rẹ̀mí, ọmọ yẹn lẹ káàdì yẹn mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì tí òun àti Màámi jọ ń sùn látìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí n ra nóòtù fún òun, òun fẹ́ máa kọ ẹranko tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní Áfíríkà fi ṣe àmì. Alaalẹ́ ló ń gba fóònù mi, dátà mi ń lọ, mi ò lè bínú sí i torí ọmọ náà ń yàwòrán bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó ya ẹyẹ Uganda, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó dé adé wúrà, tó ká ẹsẹ̀ kan sókè láàárín àsíá wọn láti 1962, ó ní ẹsẹ̀ tó ká yẹn ni pé wọn ò dúró sójú kan. Ó ya sébírà Botswana, ó ya springbok, irú ẹtu kan, ti àwọn South Africa, ó ya ìnàkí fún Sierra Leone, ìyẹn chimpanzee, torí òun ni ìjọba wọn fi ṣe ẹranko orílẹ̀-èdè ní 2019. Nígbà tó dórí erin àwọn Ivory Coast inú èmi gan-an kọ́kọ́ bàjẹ́, mo rántí 11 February 2024, àṣekágbá AFCON, bí Troost-Ekong ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé tá a fò sókè, tí erin wọn wá fẹsẹ̀ tẹ idì wa mọ́lẹ̀ 2-1 ní Abidjan, tí ìwọ sì ń sunkún lórí fóònù láti Maseru.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Angola. Ẹtu dúdú kan ni, ìwo ẹ̀ gùn, ó tẹ̀ sẹ́yìn bí idà, palanca negra ni wọ́n ń pè é, irú ẹ̀ tó tóbi yẹn kò sí níbòmíì láyé àfi Angola, orúkọ ẹ̀ náà làwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ títí di 2002, àwọn èèyàn sì ti gbà pé ó ti tán nínú igbó. Àfi ní 2005 tí kámẹ́rà tí wọ́n dè mọ́ inú igbó Cangandala ya fọ́tò ẹ̀. Ó ṣì wà! Nígbà tí Ràmọ́tà ka ìyẹn fún Màámi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó tún un kà.

Ó wá kan ti Mauritius. Màámi gbọ́ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ dodo, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ṣé ẹ̀wà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ràmọ́tà wá sọ fún wọn pé ẹyẹ ńlá tí kò lè fò ni, pé àwọn atukọ̀ òyìnbó dé erékùṣù yẹn, wọ́n ń pa á, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ àtàwọn eku tí wọ́n kó wá ń jẹ ẹyin ẹ̀, kó tó di 1700 kò sí mọ́. Màámi ní, "Kò ku ẹyọ kan?" Ó ní kò ku ẹyọ kan, àmọ́ ó ṣì wà lára àmì ìjọba wọn títí dòní. Màámi dákẹ́ pẹ́. Mo ń sọ èyí kó o má bàa rò pé wọ́n le, torí ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ní alẹ́ Tuesday ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ọdẹ kan gbé ọ̀nì wá fún Màámi. Ààyè ni. Ọmọ ọ̀nì, kò gùn ju apá mi lọ, wọ́n fi okùn di ẹnu ẹ̀. Oníbàárà kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ti san ₦40,000 sílẹ̀, ọjọ́ ọjà ló ń bọ̀ wá gbé e nídìí àtẹ ẹran ìgbẹ́ Màámi ní ọjà Olúwo. Wọ́n gbé e sínú bàsíà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi pákó bò ó, wọ́n gbé òkúta lé e. Ràmọ́tà ò jẹun alẹ́. Ó ní, "Ìyá àgbà, ọ̀nì yìí ló wà lára asà níbi tí Àǹtí Rẹ̀mí wà o." Màámi ní ṣé ọba ibẹ̀ ló máa san owó iléèwé ẹ̀ ni. Ọmọ náà wá sọ èyí tí mi ò rò pé ó lè sọ:

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà ò jẹ òkété, ẹ ò sì tà á. Ẹ ní èèwọ̀ ilé bàbá yín ni. Ti àwọn yẹn ńkọ́?"

Rẹ̀mí, ilé dákẹ́ wẹ́lo. O mọ̀ pé òótọ́ ni, látìgbà tá a ti gbọ́njú, kò sígbà tí òkété dé orí tábìlì Màámi rí, ẹni tó bá gbé e wá, wọ́n á ní kó gbé e kọjá. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wo káàdì ara ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàsíà ti ṣófo. Pákó àti òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó di ọ̀nì náà sínú àpò gàrí, ó gbé e lọ sí etí ọ̀sà níbi tí èmi àti ìwọ ti máa ń fọ aṣọ iléèwé, ó fi ọ̀bẹ gé okùn ẹnu ẹ̀ kẹ́yìn, ó bá tì í sómi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ohun tó lè gé ìka ọmọ já! Àyà mi ṣì ń já títí di báyìí tí mo ń kọ ọ́.

Màámi ò nà án. Ó sàn kí wọ́n nà án. Wọ́n lọ mú nínú owó àjọ wọn, wọ́n dá ₦40,000 padà fún oníbàárà tó ń pariwo lórí wọn lójú ọjà, wọ́n wálé, wọn ò sì tíì dárúkọ Ràmọ́tà látìgbà yẹn. "Ọmọ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Yàrá mi ló ń sùn báyìí. Òun ló máa ń fi òrí ra orúnkún Màámi lálẹ́, ní báyìí mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń rà á fúnra wọn, wọ́n á máa mí kanlẹ̀, èmi àti ọmọ náà á lajú sílẹ̀ nínú òkùnkùn, a ò ní sọ̀rọ̀.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Mo gbọ́ nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Àkùkọ ò tíì kọ. Mo gbọ́ tí òkúta kúrò lórí pákó, mo sì mọ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó gbá àpò yẹn mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, mi ò sì pè é. Owó WAEC tèmi àti tìẹ, lára ọ̀nì àti ẹtu Màámi ló ti jáde, ìwọ náà mọ̀, ẹnu wo ni mo máa fi sọ fún wọn pé kí wọ́n má tà á mọ́? Àmọ́ lóòótọ́ mo fẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀nì yẹn lọ, mo wá jẹ́ kí ọmọ mi nìkan gbé e. Ó sì bojú wẹ̀yìn kó tó jáde, ó rí mi. Kò tíì sọ fún ìyá àgbà ẹ̀. Ó ń gbé e pa mọ́ fún mi.

Káàdì yẹn ṣì wà lára ògiri o. Mo rò pé wọ́n á ti fà á ya, wọn ò fọwọ́ kàn án, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, pe Màámi lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun ìṣáà, torí wọn kì í gbé fóònù kó tó dìgbà yẹn. Bá wọn sọ̀rọ̀ àwọn Bakoena, sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ orílẹ̀, má sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ iléèwé, kò sóhun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún tó ìyẹn. Wọ́n á gbọ́ tìẹ, ìwọ ni wọ́n ń fi mí bú. Má dárúkọ Ràmọ́tà, má sì sọ tèmi, èmi fúnra mi ló máa wọlé lọ sọ ọ́ fún wọn tẹ́ ẹ bá ti parí. Fi fídíò pè wọ́n, ojú wọn ò ríran bíi tàtijọ́ mọ́, kó o sì wọ gèlè díẹ̀ kí wọ́n má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ́ nípa irun ẹ.

Tó o bá ti gbé fóònù sílẹ̀, fi àmì kan ránṣẹ́ sí mi, ohunkóhun. Màá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Èmi ni,
Sìdí
Ẹ̀pẹ́